Ọmọ Ilare Tó Bá Wọn Gbé Ọkọ̀ Ogun Jáde Lábẹ́ Òkun

Ọlátẹ́jú Adéagbo kò mọ omi wẹ̀ títí ó fi di géńdé. Ilare ni wọ́n bí i sí ní Ilé-Ifẹ̀, omi tó sì pọ̀ jù lọ tó máa ń rí ní kékeré kò ju ti kànga ẹ̀yìnkùlé wọn lọ. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Òun kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Lágéré, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ṣe géètì àti irin ojú fèrèsé fún àwọn tó ń kọ́lé tí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lórí iṣẹ́ náà. Bó bá jó irin méjì pọ̀, èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó gba òmìnira tán, ó tẹ̀lé àbúrò ìyá rẹ̀ kan lọ sí Warri, nítorí wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀ nídìí epo rọ̀bì.

Ibẹ̀ ló ti di òmùwẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń tún páìpù epo ṣe nísàlẹ̀ òkun ń wá àwọn wẹ́dà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ní iṣẹ́ abẹ́ omi. Wọ́n ní kí ẹni tó bá mọ omi wẹ̀ nawọ́. Àwọn ọmọ etí odò nawọ́, Ọlátẹ́jú náà sì nawọ́. Nígbà tó kan án láti bọ́ sómi, ó rì lọ tààrà. Wọ́n fà á jáde, ó ń wúkọ́. Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn, òyìnbó ará Hólàńdì kan tó ń jẹ́ Héńdíríkì, bi í léèrè ohun tó mú un purọ́.

Ó dáhùn pé, "Irin ni mo mọ̀ ọ́n jó, sà. Omi wíwẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi."

Òyìnbó náà wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbà á síṣẹ́.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí, kò sí ẹni tó máa wò ó nínú omi tó máa gbà pé ará Ilé-Ifẹ̀ ni. Ó máa ń wá sílé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn ìgbà tó wá sílé bẹ́ẹ̀ ló pàdé Ìyábọ̀dé, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti bí i. Wọ́n fẹ́ ara wọn, wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Fọláyọ̀, wọ́n sì kọ́ ilé pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan sí Ilare. Wọ́n ń gbé apá kan, wọ́n sì fi apá kejì háyà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìyábọ̀dé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá sọ, kì í tún un sọ. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń bẹ ọkọ rẹ̀ ni pé kó máa sọ ibi tó ń lọ fún òun, kí òun lè mọ ohun tí òun ó máa dá lóhùn bí ọmọ bá bi òun.

Ní ọdún 1995, ọkọ̀ ogun kan tó ń rìn lábẹ́ omi gbiná ní òkun àríwá, lápá ibi tí òtútù ti ń pa èèyàn lára. Ti orílẹ̀-èdè kan lọ́hùn-ún ni. Iná ràn láti yàrá kan dé òmíràn, omi ya wọ inú rẹ̀, ó sì rì tòun ti ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ogun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ nùkílíà ló ń wa ọkọ̀ náà. Ẹ̀rọ ọ̀hún ti kú nígbà tí ọkọ̀ rì, ṣùgbọ́n oró tó wà níkùn rẹ̀ kò kú. Bí irin tó bò ó bá dípẹtà, tó sì lu, omi òkun á gbà á, ẹja á gbà á lára omi, àwọn tó ń jẹ ẹja á sì gbà á lára ẹja. Ìdí nìyẹn tí ìjọba ibẹ̀ fi gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ tó máa ń gbé ọkọ̀ tó bá rì, pé kí wọ́n gbé e jáde odindi. Héńdíríkì ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn òmùwẹ̀. Ó ń wá àwọn tó mọ irin gé nínú òkùnkùn, ó sì ránṣẹ́ sí Warri pé kí wọ́n bá òun wá Ọlátẹ́jú.

Ọlátẹ́jú wá sílé láti kó ẹrù. Ìyábọ̀dé bi í pé irú iṣẹ́ wo ni.

Ó ní, "Ọkọ̀ ńlá kan ló rì. A fẹ́ bá wọn gbé e."

"Ọkọ̀ kí ni?"

"Ọkọ̀ òkun ṣá ni, Ìyá Fọláyọ̀. Irin ni gbogbo ẹ̀."

Ìyábọ̀dé ò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bá a ká súwẹ́tà rẹ̀ méjèèjì sínú báàgì, Ọlátẹ́jú sì lọ.

Ìgbà tí oòrùn ibẹ̀ kì í wọ̀ ló débẹ̀. Báàjì ńlá kan, ọkọ̀ òkun pẹrẹsẹ tó máa ń ru ẹrù, ló dúró lójú agbami, kéréènì àti okùn irin tó nípọn ju itan èèyàn lọ wà lórí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkun ibẹ̀ jìn débi pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́, tó sì yára jáde, afẹ́fẹ́ á máa hó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, á sì pa á. Nítorí náà, wọn kì í jáde. Yàrá irin kan wà lórí báàjì náà tí wọ́n ti fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ kó lè lágbára tó ti omi ìsàlẹ̀ òkun. Inú rẹ̀ ni àwọn òmùwẹ̀ ń gbé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ń jẹun níbẹ̀, wọ́n ń sùn níbẹ̀, ojú fèrèsé kékeré kan ni wọ́n sì ti ń rí àwọn tó wà níta. Bí iṣẹ́ bá kàn wọ́n, wọ́n á wọ inú àgò irin kan tó so mọ́ yàrá náà, kéréènì á sì rọra sọ wọ́n kalẹ̀ sísàlẹ̀.

Gáàsì kan tún wà tí wọ́n dà mọ́ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí. Kì í pa èèyàn lára, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ ohùn di ohùn pẹ́pẹ́yẹ. Ẹni tó bá ń bínú nínú yàrá yẹn, ẹ̀rín ló máa ń pa àwọn tó kù.

Gáàsì yìí ló ba ọ̀rọ̀ Ọlátẹ́jú àti ìyàwó rẹ̀ jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ó ti ránṣẹ́ sílé pé kí Ìyábọ̀dé lọ dúró ní ọ́fíìsì tẹlifóònù ní ọjọ́ kan báyìí. Ìyábọ̀dé tò lórí ìlà títí wọ́n fi pe orúkọ rẹ̀. Ó gbé fóònù sétí, ohùn tínrín kan ń han gooro bí ti ẹyẹ.

"Ìyá Fọláyọ̀! Èmi ni!"

"Ìwọ ta?"

"Èmi ni, Ọlátẹ́jú!"

Ìyábọ̀dé wo fóònù náà, ó rọra gbé e padà, ó sì sọ fún ẹni tó ń bójú tó o pé oníyẹ̀yẹ́ kan ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ fún Ọlálékan, olùkọ́ físíìsì ní yunifásítì tó ń gbé ilé kejì sí tiwọn. Ọlálékan kì í fi rédíò ìlú òyìnbó ṣeré. Ó bi Ìyábọ̀dé pé òkun wo lọkọ rẹ̀ lọ. Nígbà tó gbọ́ pé òkun àríwá ni, ó pa rédíò rẹ̀.

Ó ní, "Màmá Fọláyọ̀, àbí ti ọkọ̀ abẹ́ omi tó gbiná yẹn ni? Wọ́n ní ẹ̀rọ nùkílíà wà nínú ẹ̀."

Báyìí ni Ìyábọ̀dé ṣe mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pè é sí fóònù. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ti bá Ọlátẹ́jú fi ẹ̀rọ kan tún ohùn rẹ̀ ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ìyábọ̀dé dá a dúró.

"Bàbá Fọláyọ̀, ṣé lóòótọ́ ni pé nùkílíà wà nínú ọkọ̀ tí ẹ ń gbé?"

Ọlátẹ́jú ní, "Ó wà."

"Ẹ sì mọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Ìyábọ̀dé wí, ó sì gbé fóònù náà sílẹ̀. Kò lọ gba ìpè mìíràn mọ́ títí iṣẹ́ náà fi parí.

Iṣẹ́ wọn nísàlẹ̀ kò ṣòroó ṣàlàyé. Wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń tú omi àti iyanrìn jáde pẹ̀lú agbára gé ihò sára ọkọ̀ náà, wọ́n á ti irin oníkọ́ ńlá kan bọ inú ihò kọ̀ọ̀kan, irin náà á ya apá nínú lọ́hùn-ún, wọ́n á sì so okùn irin mọ́ ọn. Bí okùn bá pé, kéréènì á fà á. Omi gbígbóná ni wọ́n ń fi rọ́bà rọ látòkè wọ inú aṣọ wọn kí òtútù má bàa pa wọ́n. Ẹ̀rọ kékeré kan so mọ́ igbáàyà oníkálukú, tó máa ń dún *tá-tá* láti fi sọ bí ìtànṣán olóró bá ń pọ̀ sí i. Ó máa ń dún díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń dún níbi gbogbo láyé. Etí wọn ti mọ́ ọn lára débi pé dídákẹ́ rẹ̀ ni ì bá já wọn láyà.

Lọ́jọ́ tí Ọlátẹ́jú ń gé ihò tó sún mọ́ iwájú ọkọ̀, irin tó gé já, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ọlátẹ́jú sì tan iná wo inú ihò náà. Bàtà ló kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ló wá rí i pé ẹsẹ̀ wà nínú bàtà náà. Ọmọ ogun kan ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó há sáàárín páìpù méjì, ó sì dábùú ojú ihò náà. Òtútù omi kò jẹ́ kí ara rẹ̀ bàjẹ́ púpọ̀. Irun rẹ̀ ń fì nínú omi.

Ọlátẹ́jú sọ̀rọ̀ sínú akoto rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹnì kan wà níbí."

Ohùn Héńdíríkì dáhùn látòkè. "Ṣé ó dí ihò náà ni?"

"Ó dí i."

"Tì í sẹ́yìn, kí o sì ti irin wọlé. Ìjọba wọn ti sọ pé ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá dé èbúté kí àwọn tó kó òkú."

"Kò sí ẹ̀yìn tí mo lè tì í sí. Ó ti há. Bí irin yìí bá wọlé tó sì yapá, á lọ̀ ọ́. Kò ní sí ohun tí wọ́n máa kó mọ́."

"Ọlátẹ́jú, ojú ọjọ́ ń bàjẹ́ bọ̀."

"Ẹ sọ apẹ̀rẹ̀ irin kan kalẹ̀ fún mi. Mo lè yọ ọ́."

"Bí oró bá wà lára rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ọn. Dídún ẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti àárọ̀."

Héńdíríkì ní kó dúró ná. Ọlátẹ́jú jókòó sórí ọkọ̀ náà nínú òkùnkùn, ó ń retí. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn kan máa ń sọ pé ìgboyà ló ní, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun. Kò gbàdúrà, kò sì ronú kan ọ̀rọ̀ ńlá kan. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju pé bí òun bá ti irin yẹn wọlé, òun lòun máa gbọ́ bó ṣe ń lọ òkú náà mọ́ páìpù.

Ọ̀gá ológun kan wà lórí báàjì náà tí orílẹ̀-èdè tó ni ọkọ̀ fi ṣọ́ wọn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀, sìgá ló máa ń mu. Héńdíríkì lọ fọ̀rọ̀ náà lọ̀ ọ́. Ó pẹ́ díẹ̀, ohùn mìíràn wá dún létí Ọlátẹ́jú, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń kọsẹ̀.

"Gbé e wá fún wa. Jọ̀ọ́, má kánjú."

Kò sì kánjú. Apá aṣọ ọmọ ogun náà ti kọ́ páìpù, ó ní láti fi ọwọ́ tú u díẹ̀díẹ̀ nítorí kò fẹ́ fi ọ̀bẹ gé e. Nígbà tó yọ ọ́ tán, ó tẹ́ ẹ sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi okùn dè é kó má bàa yí, ó sì ní kí wọ́n máa fà. Ó tan iná tẹ̀ lé apẹ̀rẹ̀ náà títí kò fi rí i mọ́. Lẹ́yìn náà ló mú irin oníkọ́, tó sì tì í wọ inú ihò bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Lórí báàjì, wọ́n gbé ẹ̀rọ sí òkú náà lára, kò sí oró kankan. Ọmọ ogun yìí nìkan ni wọ́n rí gbé jáde kí ọkọ̀ tó dé èbúté. Héńdíríkì ò bá Ọlátẹ́jú sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, ó wá sójú fèrèsé yàrá irin, ó gbé fóònù ibẹ̀, ó sì bi í bóyá ó ti jẹun.

Nígbà tí gbogbo okùn pé, kéréènì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun di ọkọ̀ náà mú, kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n fà á díẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n tún fà á. Nígbà tó yá, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fà á gòkè títí ó fi lẹ̀ mọ́ abẹ́ báàjì. Àwọn òmùwẹ̀ tó gé ihò tó sì so okùn kò rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Inú yàrá irin ni wọ́n wà, wọ́n ń dín agbára afẹ́fẹ́ wọn kù díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè jáde láìfarapa. Wọ́n kàn rí i pé omi inú ife wọn ń mì, ariwo ìdùnnú sì sọ níta, ni ẹnì kan nínú wọn bá ní, "Ó ti kúrò nílẹ̀."

Ìgbà ọyẹ́ ni Ọlátẹ́jú padà dé Ilé-Ifẹ̀. Ó ti rù, etí òsì rẹ̀ kò sì gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́. Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé Ilare. Wọ́n ti ń sọ pé ó fọwọ́ kan bọ́ǹbù, pé ara rẹ̀ á máa tàn bí iná bí ilẹ̀ bá ṣú, pé ọmọ tó bá gbé mọ́ra, irun rẹ̀ á rẹ̀ dànù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wọn kó jáde ní ẹyọ ẹyọ, wọ́n ní àwọn rí ilé tó sún mọ́ yunifásítì. Bábà tó máa ń gẹ irun fún un sọ pé abẹ òun ti tán. Ìyá Ìyábọ̀dé, Ìyá Àdùkẹ́, wá láti Modákẹ́kẹ́, ó kúnlẹ̀ kí àna rẹ̀ kú àbọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì mú Fọláyọ̀ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ "fún ìgbà díẹ̀."

Ìyábọ̀dé ń se oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀, ó ń kí i ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n yàrá ọmọ ló ń sùn. Ọlátẹ́jú rò pé ẹ̀rù oró náà ló ń bà á. Ló bá lọ bá Ọlálékan pé kó wá bá òun wọn ara òun. Ọlálékan gbé ẹ̀rọ tó ń wọn oró wá láti ilé ẹ̀kọ́, Ìyá Àdùkẹ́ wá, àwọn ará ilé mélòó kan sì dúró lókèèrè. Ọlálékan gbé e sí Ọlátẹ́jú ní orí, ní àyà, ní ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń dún díẹ̀díẹ̀. Ó tún gbé e sára òkúta ńlá tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, èyí tí wọ́n máa ń sá aṣọ sí. Ó dún níbẹ̀ ju bó ṣe dún lára Ọlátẹ́jú lọ.

Ọlálékan ṣàlàyé pé, "Irú òkúta tiwa níbí yìí ló rí bẹ́ẹ̀. Kò lè ṣe yín ní nǹkan kan. Ara ọkọ yín mọ́, Màmá Fọláyọ̀."

Obìnrin kan láàrin àwọn tó dúró lókèèrè ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Ẹlòmíràn ní òun ò ní sá aṣọ sórí òkúta yẹn mọ́. Ìyá Àdùkẹ́ ló dá wọn lóhùn pé kí wọ́n máa lọ ilé wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dá Fọláyọ̀ padà.

Ṣùgbọ́n Ìyábọ̀dé ò kúrò ní yàrá ọmọ. Ó wá yé Ọlátẹ́jú pé ọ̀rọ̀ náà ju ti oró lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ó bá a níbi tó ti ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

"Ìyá Fọláyọ̀, ẹ̀yin náà rí i pé kò sí nǹkan kan lára mi."

"Mo rí i. Kò sígbà tí nùkílíà bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀," ni Ìyábọ̀dé wí láìgbójú sókè. "Ẹ dúró síwájú mi, mo ń bá yín ká súwẹ́tà, ẹ ní irin ni gbogbo ẹ̀. Ká ní ẹ kú síbẹ̀ ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Ọlálékan ni mo ti máa gbọ́ ohun tó pa ọkọ mi?"

Ọlátẹ́jú fa àga, ó jókòó.

"Ẹ máa sọ ọ́ nísinsìnyí," ni Ìyábọ̀dé tún wí. "Gbogbo ẹ̀."

Ó sọ ọ́. Ó sọ bí yàrá irin náà ṣe rí, ó sọ bí òun ṣe jókòó sórí ọkọ̀ nínú òkùnkùn. Nígbà tó dé ibi bàtà ọmọ ogun náà, Ìyábọ̀dé gbé bírò sílẹ̀. Ọlátẹ́jú wá sọ èyí tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní nígbà tí àwọn jáde kúrò nínú yàrá irin, tí ọkọ̀ ti dé èbúté, ọ̀gá ológun náà mú bàbá àgbà kan wá bá òun. Bàbá yẹn ló bí ọmọ ogun tí òun yọ. Ọmọ ọ̀hún ló ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀. Bàbá náà di ọwọ́ òun mú, ó sì bi òun ní ìbéèrè kan, ọ̀gá ológun náà túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ṣé omi ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún tutù gan-an.

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní omi gbígbóná ló wà nínú aṣọ tèmi." Ọlátẹ́jú fọwọ́ pa etí òsì rẹ̀. "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún un, ó kàn ń mi orí. Mi ò tíì mọ ohun tí ǹ bá sọ."

Ìyábọ̀dé náà ò mọ̀ ọ́n. Kò sì díbọ́n bíi pé òun mọ̀ ọ́n. Ó jókòó tì í títí Fọláyọ̀ fi wá bi wọ́n pé kí làwọn máa jẹ. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó kó aṣọ rẹ̀ kúrò ní yàrá ọmọ.

Ilé-iṣẹ́ náà tún pe Ọlátẹ́jú lẹ́yìn ọdún kan fún iṣẹ́ mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó sọ ohun gbogbo fún ìyàwó rẹ̀, Ìyábọ̀dé sì ní kó lọ bó bá wù ú. Dókítà ló ní kò gbọdọ̀ lọ, nítorí etí yẹn. Ó dùn ún fúngbà díẹ̀. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ní 1997, tí kò rọrùn mọ́ fún ọkọ ará Ilare àti ìyàwó ará Modákẹ́kẹ́ láti gbé apá ibì kankan nínú méjèèjì, wọ́n ti ilé wọn pa, wọ́n kó lọ sí Ẹdúnàbọ̀n. Ìyábọ̀dé rí iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Ọlátẹ́jú ṣí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà létí títì tó lọ sí Ìbàdàn, ó ń jó ẹ̀yìn tírélà àti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ wọn kejì sí, ọkùnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Ànúolúwapọ̀. Irun orí rẹ̀ kún.

Àwọn awakọ̀ tó bá gbọ́ ìtàn rẹ̀ máa ń ní kó sọ bí nùkílíà ṣe rí. Á ní òun ò rí i, irin ló bò ó. Bí wọ́n bá tún da ọ̀rọ̀ bò ó, á sọ fún wọn pé oúnjẹ inú yàrá irin yẹn kì í ládùn lẹ́nu, pé bí wọ́n ṣe ń da ata sí i tó, bíi páálí ló máa ń rí. Lẹ́yìn náà á fa akoto rẹ̀ bojú, á sì ní kí wọ́n má wo iná.